Ẹ Má Fi Owó Èésú Ra Ẹjọ́: Ọ̀rọ̀ Rèé fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé Tàbí Ilẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ká ní ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà Ìkàrẹ́. Ọdún mẹ́wàá ló fi dá èésú. Ẹgbẹ́ ń ra aṣọ, kò bá wọn ra. Wọ́n ń ṣe òde, kì í pẹ́ níbẹ̀. Òun náà fẹ́ kọ́lé ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó mọ̀ dáadáa, ọmọ bíbí ìlú, wá bá a nídìí àtẹ. Ó ní, "Ìyá, pulọ́ọ̀tì kan wà lẹ́yìn ilé wa, ilẹ̀ bàbá mi ni. Torí pé ẹ̀yin ni, mi ò ní tà á wọ́n fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ tètè ṣe o, ẹnì kan láti Èkó ti ń béèrè rẹ̀." Ìyá lọ wo ilẹ̀, ilẹ̀ wù ú. Ó kówó sílẹ̀. Wọ́n ya ìwé kan nínú ìwé àjákọ ọmọ iléèwé, wọ́n kọ rìsíìtì sí i, ọmọkùnrin náà fọwọ́ sí i, ó parí. Ìyá ra sìmẹ́ńtì, bíríkìlà to búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé. Àfi bó ṣe débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó bá bàbá mẹ́rin àti ìyá arúgbó kan tí wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀. "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló fún yín nílẹ̀ wa?"

Ẹ má wá ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yìí kiri ọjà o, àpẹẹrẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó rí ní kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ pọ̀. Ohun tó tiẹ̀ dunni níbẹ̀ ni pé ọmọkùnrin yẹn lè má purọ́ rárá. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbá náà bí ọmọ mẹ́jọ mìíràn.

ILẸ̀ BÀBÁ Ẹ NI, ṢÉ TÌẸ NÌKAN NI?

Bí bàbá bá kú tí kò ṣe ìwé ìhágún, ilé àti ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ ti di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gé tirẹ̀ tà bí ẹni gé ẹran lórí àtẹ, àfi tí wọ́n bá ti jókòó pín in tí kálukú sì mọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí bí ọ̀ràn ilẹ̀ ṣe rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n bi Ẹlẹ́sí ti Odògbolú léèrè, ó sọ fún wọn pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀, pé ọ̀pọ̀ nínú ẹbí náà ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí wọn ò tíì bí kò sì lóǹkà. Ní ọdún kejì ẹ̀, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, gbé wọn lọ sí kóòtù. Ó tọ ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ìgbà tó di 1921, àwọn adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre. Wọ́n gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú, pé ńṣe ni olórí ń bá wọn mójú tó o.

Tí olórí pàápàá bá ń bá wọn mójú tó o, kí ni ká ti wá pe ọmọ kẹrin tó ń tà á nídìí àtẹ ẹ̀lùbọ́?

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà là á yékéyéké lọ́dún 1959. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà, bí ẹni pé wọn ò tà á ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà lórúkọ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé yòókù mọ̀, títà náà á dúró ná, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tètè gba kóòtù lọ, kóòtù lè tú u ká. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ra ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní lè fi ọkàn balẹ̀ sùn.

Ta wá ni àwọn àgbà ìdílé yìí? Níbi tí bàbá ti fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ìdí-igi mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ rí i pé ẹnì kan ti ìdí kọ̀ọ̀kan wá, ó jókòó, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, obìnrin ni, ó ti lọ sílé ọkọ." Ọmọbìnrin ní ìpín nínú ilé bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kóòtù Èkó sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe adájọ́. Ìyá arúgbó tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yẹn, ó lè jẹ́ òun gan-an ni àkọ́bí bàbá.

Nítorí náà, kí owó tó jáde, ẹ ní kí wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ẹ ra obì lọ, ẹ gbé ohun mímu dání, ẹ mú ẹlẹ́rìí tiyín lọ́wọ́, ọkùnrin kan obìnrin kan. Bí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ bá ní kò sí ohun tí ìpàdé fẹ́ ṣe, pé òun kò fẹ́ kí àbúrò òun gbọ́, ẹ dìde. Ohun tí ẹ̀ ń wá ti bọ́ sí yín létí.

Ẹ LỌ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kì í ra àpò kan láìki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Á bù ú, á gbóòórùn rẹ̀, á fọwọ́ pa á wò bóyá wọ́n ti da nǹkan mọ́ ọn. Ilẹ̀ tó ju ẹgbẹ̀rún àpò lọ, kò bi aládùúgbò kan ṣoṣo léèrè.

Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó ń tà á lọ, kó fi ààlà hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dá lọ láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹ kí àwọn tó múlé tì í, ẹ bi wọ́n: ta ló ń dáko níbí tẹ́lẹ̀? Ta ló gbin obì tàbí kòkó tó wà níbẹ̀? Ìdí pèrègún wo ni ààlà yín pẹ̀lú wọn pin sí? Ṣé ẹnì kan ti bá wọn du ilẹ̀ yìí rí? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, lọ́dún 1976, ìwé jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Ìtàn bí ilẹ̀ ṣe dọwọ́ ìdílé wà níbẹ̀, lílo ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìsí ẹni tó ní "kí lò ń ṣe níbẹ̀?" wà níbẹ̀, níní ilẹ̀ tó tì í náà wà níbẹ̀. Ẹnu aládùúgbò sì ni ẹ ti máa gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹni tó ń tà á jẹ́ onílẹ̀ tàbí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún níbi tó ti ń dáko, ì báà ti lo ogójì ọdún níbẹ̀, kò ní ilẹ̀ tí yóò tà. Irè oko rẹ̀ ló lè tà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò náà ńkọ́? Àwọn kan wà tí bàbá wọn yá ìdílé kan lówó láyé ọjọ́un, tí ìdílé náà fi oko kòkó dógò. Bàbá kú, ọmọ rò pé ilẹ̀ àwọn ni, ó wá ń tà á. Lójú àṣà àti lójú kóòtù, ohun tí wọ́n fi dógò kì í di ohun rírà láé. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá mú owó náà wá, wọ́n á gba ilẹ̀ wọn.

Ní Àkùngbá, tó wà láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ó yẹ kí ẹ tún fara balẹ̀ sí i. Láti ọdún 1999 tí yunifásítì ìpínlẹ̀ ti kúrò ní Adó-Èkìtì wá síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Adékúnlé Ajásin báyìí, àwọn tó fẹ́ kọ́ yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ilẹ̀ kiri agbègbè náà. Ibi tí olówó bá ti ń sáré, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn méjì. Kò sí ohun tó ń gbani lọ́wọ́ èyí bí kéèyàn tètè gbé ẹsẹ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀: ẹ ri òpó ààlà, ẹ ro ó, ẹ gbin nǹkan sí i. Bí ẹnì kan bá ń kọ́lé sórí ilẹ̀ yín tí ẹ̀ ń wò ó tí ẹ ò sọ̀rọ̀ títí tó fi kan páànù, kóòtù lè ní kí ẹ máa lọ.

ÌWÉ WO NI ÌWÉ?

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1978, nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń ṣe ìjọba ológun, òfin ilẹ̀ jáde tó gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé ẹbí kò ní ilẹ̀ mọ́. Irọ́ ni. Ẹni tó ní ilẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn ṣì ní ẹ̀tọ́ láti máa lò ó. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìwé ìjọba ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní C of O, gómìnà ló ń fọwọ́ sí i, Àkúrẹ́ ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ilẹ̀ olílẹ̀ di tiyín. Bí ẹni tó tà á fún yín kò bá ní i, tí àwọn tó ni ín bá jáde, kóòtù lè fagi lé C of O náà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1990. Ẹ yanjú ti ẹbí kí ẹ tó lọ sí ti Àkúrẹ́.

Bí ilé tí ẹ fẹ́ rà bá ti ní C of O tẹ́lẹ̀, ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ilé náà kúrò lọ́wọ́ ẹni yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹni yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Lọ́dún 1989 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó fi ilé rẹ̀ dúró nílé ìfowópamọ́. Nígbà tí gbèsè dé, tí báńkì fẹ́ lu ilé ní gbàǹjo, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ní kóòtù pé gómìnà kò fọwọ́ sí i nígbà tí àwọn ṣe ìwé náà. Kóòtù ní òótọ́ ni, ìwé náà kò dúró. Báńkì ńlá tó ní lọ́yà jọ nìyẹn o! Kí ni kí oníṣẹ́ ọwọ́ wá sọ?

Ẹ wá lọ́yà tiyín, kó má ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà á. Kò pọn dandan kó jẹ́ ti Àkúrẹ́ tàbí ti Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lọ yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò lọ́dọ̀ ìjọba, kó mọ̀ bóyá wọ́n ti fi yáwó tàbí wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn, kó sì béèrè ní kóòtù bóyá ẹjọ́ kan wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀ ti ra ẹjọ́ náà mọ́ ọn. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, tí a ń pè ní sàféyọ̀, ló ń ya pláànù; kó wọn ilẹ̀ náà kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà tàbí ibi tí ọ̀nà máa gbà. Akọ̀wé ẹ̀bá ọ̀nà tó ń kọ lẹ́tà fún ará ọjà kò gbọdọ̀ gbowó ṣe ìwé ilẹ̀. Òfin kò gbà á láyè, ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì ní ṣeé fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé kà, ẹ má tijú. Òfin kan wà nítorí yín. Ẹni tó bá bá yín kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́, kó túmọ̀ rẹ̀ títí yóò fi yé yín, kó tó ní kí ẹ tẹ àtàǹpàkò. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ń gbé sórí ìwé náà. Bí kò bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ káwọ́ yín kúrò lórí íǹkì.

Ọ̀rọ̀ owó: kó gba báńkì kọjá tó bá lè ṣeé ṣe, kí ìwé báńkì wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá kà á sílẹ̀ lójú ẹbí, kí ẹlẹ́rìí méjèèjì rí i. Kí rìsíìtì sọ pé ilẹ̀ wo, ó fẹ̀ tó báwo, ta ló wà ní ọ̀tún, ta ló wà ní òsì, iye tí ẹ san, iye tó kù bí ó bá kù, àti ọjọ́ tí ẹ máa san án. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ìpìlẹ̀, owó páànù àti gbogbo owó tí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń béèrè ti wà nínú ohun tí ẹ san. Ẹnu là ń dùn jẹ ní ọjọ́ títà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kanlé ni orin máa ń yí padà.

ÒKÚTA, OMI ÀTI IBOJÌ

Àkókó, ilẹ̀ olókè ni. Ẹni tó ti gba Ọ̀kà kọjá ti rí àpáta tó jókòó lẹ́yìn ilé bí ẹni pé òun ló ń ṣọ́ wọn. Ẹwà ni, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ tó fi irun koríko bora yẹn lè jẹ́ òkúta gbagidi. Ìpìlẹ̀ lórí òkúta dára, kì í rì. Ṣùgbọ́n kànga ńkọ́? Ihò ṣáláńgá ńkọ́? Ẹ ní kí bíríkìlà yín mú ọ̀pá irin lọ gún un níbi mẹ́rin márùn-ún, kí ẹ sì bi aládùúgbò bóyá omi wà nínú kànga rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ilẹ̀ tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Ọ̀nà tí omi ń gbà lónìí ni yóò gbà lọ́dún tó ń bọ̀, yàrá yín ni ó sì máa gbà kọjá tí ẹ bá kọ́lé sí i lójú ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ ilé tí wọ́n ti kọ́ ni, ẹ lọ lójú oòrùn, ẹ tún lọ nígbà òjò. Ẹ wo òrùlé láti inú, ẹ wo ibi tí ògiri ti sán. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé iná mànàmáná wá, torí gbèsè iná kì í bá onílé àtijọ́ kó lọ. Iléeṣẹ́ iná á gé wáyà yín ni. Àwọn ayálégbé inú ilé, ẹ mọ iye tí kálukú ti san àti oṣù tó parí sí, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á tó sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni onílé tuntun.

Ẹ sì béèrè ibojì. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló jẹ́ pé bàbá tó kọ́ ọ wà nínú rẹ̀, lábẹ́ sìmẹ́ńtì pálọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá gbà láti ta ibojì bàbá wọn lónìí, ọmọ ọmọ kan máa jáde lọ́la tó máa ní wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra á síbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ibojì náà àti ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ TÀ

Ẹni tó ń ta ilé náà lè jìn sí kòtò. Ohun tó ń ba owó ilé jẹ́ jù ni ìkánjú. Ẹni tó bá ń ta ilé kó lè fi sin òkú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹni tó fẹ́ rà á bá gbọ́ báyìí ni iye owó já wálẹ̀. Ẹ ṣètò ìwé yín sílẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, ká ní oníbùlọ́ọ̀kù kan, awọnlẹ̀ kan, àti ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ládùúgbò, iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Alágbàtà kan ṣoṣo kò tó, torí òun náà ní ohun tó ń wá. Tí ẹnì kan bá ti san owó àsansílẹ̀, ẹ má ṣe gba ti ẹlòmíràn, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tó gba owó ènìyàn méjì lórí ilé kan, àgọ́ ọlọ́pàá ló ti máa ṣàlàyé.

ORÚKỌ TA LÓ WÀ LÓRÍ RÌSÍÌTÌ?

Èyí kan ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà gan-an. Ìyá ló ń dá èésú, ìyá ló ń ra sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìwé, wọ́n kọ orúkọ bàbá sí i, torí pé bàbá ni olórí ilé. Kò burú nígbà tí ayé ń dùn. Ọjọ́ tí bàbá bá kú, tàbí tí ìyàwó kejì bá dé, ẹbí bàbá á ní ilé ọmọ àwọn ni. Ẹjọ́ irú rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 1992. Ìyàwó ní òun dáwó sí ilé náà. Kóòtù ní kó fi hàn bó ṣe dá a àti iye tó dá. Kò rí ẹ̀rí tó tó mú wá. Ilé bọ́.

Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì, lórí pláànù àti lórí ìwé lọ́yà. Bí tọkọtaya bá jọ dáwó rà á, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ bá ọkọ ja ìjà orúkọ, ó kéré jù, ẹ tọ́jú ìwé sìmẹ́ńtì, ìwé páànù, ìwé owó bíríkìlà, ìwé tí wọ́n fi san èésú yín àti ìwé báńkì. Kí ọjọ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn méjì, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ lọ́yà, ẹ fún ọmọ yín tó ti dàgbà ní ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí òjò má bà á jẹ́, ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán mọ àpótí tó wà.